Igbá Mẹ́jọ Ọ̀tún

"Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé." Gbogbo wa la ń pa á lówe, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń bí ni nínú ni.

Ní ìlú Arómisá, bí ìkórè bá dé, gbogbo abúlé a máa gbé epo lọ sí ààfin. Ọba a ní kí Ọ̀tún pín in padà, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan lè fi bọ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ ọ̀nà àti afárá. Abúlé Ìgbó-Epo nìkan ló ń gbé ìdajì epo náà wá. Àwẹ̀ró, àgbà obìnrin tó ń fọ epo níbẹ̀, kò bèèrè ju oúnjẹ ọ̀wẹ̀ afárá kan ṣoṣo lọ. Igi jíjẹrà ni wọ́n ń tẹ̀ sọdá odò, ibẹ̀ sì ni odò ti gbé ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ. Òjò mìíràn ti ń ṣú bọ̀.

Ọ̀tún ò wo iṣẹ́, kò wo ìyà. Iye olóyè tó wà ní àdúgbò ló fi ń pín in. Ìgbó-Epo ò ní olóyè kankan. Àdúgbò Ọ̀tún, tí wọn kì í gbin ju ata ẹ̀yìnkùlé lọ, ní méjì tẹ́lẹ̀. Kí ìkórè tó pé, ó ti fi ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà joyè. Igbá mẹ́jọ ló kó. Ìgbó-Epo gba àwo kan.

"Bàbá, èèyàn mélòó ni àwo yìí máa bọ́?" Àwẹ̀ró bèèrè.

"Ẹ lọ wá oyè jẹ," ni Ọ̀tún wí. "Ó yá, kí àwọn èèyàn rẹ wá ru igbá mi lọ sílé, bí wọ́n ṣe ń ṣe lọ́dọọdún."

"Wọn ò ní rù ú mọ́, Bàbá. Àwọn olóyè tí ẹ torí wọn kó o, ẹ jẹ́ kí wọ́n rù ú."

Ọ̀tún pe àwọn ọmọ rẹ̀. Àkọ́bí dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Èèwọ̀ ni, Bàbá. Olóyè kì í rẹrù."

Èèwọ̀ kan náà de Ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọ̀kánjúwà ò jẹ́ kó fi epo sílẹ̀; òun fúnra rẹ̀ ló ru àwọn igbá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mẹ́jọ ló gba àárín ọjà kọjá, epo ń ṣàn sí i lójú, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Epo tó kù ní Ìgbó-Epo ni Àwẹ̀ró fi bọ́ ọ̀wẹ̀, afárá sì dúró kí òjò tó dé. Láti ọdún náà, Ìgbó-Epo ò gbé epo lọ sí ààfin mọ́.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí a fi ìpín sí lọ́wọ́, tó kó òógùn ẹlòmíràn jẹ tí kò ṣẹ́ku fún ẹni tó làágùn, òwe yìí ni wọ́n ń pa fún un: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Wọn kì í fi ẹ̀rín pa á.