Ọdẹ Tí Kò Rí Ọjọ́ Kan Sọ Nípa Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fìdí lélẹ̀, kí ẹni tó ń jẹ iṣu gbé e mì, nítorí ìtàn ìtìjú ni mo gbé wá, ìtìjú kò sì fẹ́ ariwo.

Ọdẹ kan wà ní Òkè-Ìgbín, Ọdẹ́jìnmí ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pa ẹfọ̀n, ó ti pa ẹkùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀, ìbéèrè kékeré borí rẹ̀. Àwọn àgbà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ ohun tí olóògbé ṣe fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àyọ̀ká, àbúrò rẹ̀ obìnrin, sọ ti ọjọ́ tí ìyá wọn gbé e pọ̀n kọjá odò tó kún. Nígbà tó kan Ọdẹ́jìnmí, ó ní, "Ìyá mi máa ń ṣe dáadáa sí wa. Wọ́n máa ń se oúnjẹ fún wa."

Wọ́n ní, "Ọjọ́ wo?"

Ó ní, "Ojoojúmọ́."

Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Ẹnìkan sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé àlejò pàápàá ìbá sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ti Ọdẹ́jìnmí bí ẹni tí ṣòkòtò já lára rẹ̀ láàrin ọjà.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó wọ igbó tí àwọn iwin ti ń ṣọ́ ohun tí ọmọ aráyé gbàgbé. Igi ibẹ̀ ń mí bí arúgbó tó sùn, ewé ibẹ̀ ń fi orúkọ ìgbà èwe pe ẹni tó bá ń kọjá. Níbẹ̀ ni iwin kan ti dí ọ̀nà mọ́ ọn. Abèèrè-Ọjọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ga bí ìrókò, ó ní ojú mẹ́rìndínlógún, kò sì sí èyí tó ń ṣẹ́jú nínú wọn.

"Ọmọ ènìyàn, kí lo ń wá?"

"Bàbá, ọjọ́ kan pẹ̀lú ìyá mi ni mo ń wá."

"Irú ilé wo lo dàgbà sí?"

"Bàbá mi máa ń bínú."

"Máa ń, máa ń," ni iwin wí. "Ẹni tí ejò bù jẹ lórí ebè kan, tó torí rẹ̀ pa gbogbo oko tì, báwo ni yóò ṣe mọ ebè tí iṣu wà? Ọjọ́ kan ló bà ọ́ lẹ́rù, o tilẹ̀kùn mọ́ ọn, àwọn ọjọ́ tó dára sì há sínú ilé kan náà. Ṣí i, tàbí kí o padà."

Ọdẹ́jìnmí kúnlẹ̀. Ó gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ ọdún méje ni mí. Òjò ń rọ̀. Bàbá mi ń fi ọmọ odó lu ìyá mi nítorí ọbẹ̀ tó tutù. Mo sá sẹ́yìn àká àgbàdo. Ìyá mi pè mí lẹ́ẹ̀mejì." Ó dorí kodò. "Mo gbọ́, bàbá. Mi ò dá wọn lóhùn."

Iwin kò bú u. Ó ní, "Kí ló tẹ̀lé e?"

Ìgbà náà ni ọjọ́ ọ̀hún ṣí sílẹ̀ níwájú ọdẹ bí ewé tí oòrùn yọ sí. "Ìyá mi wá bá mi níbẹ̀. Ètè wọn ti wú. Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n fi nu orí mi, wọ́n ní, 'O ṣeun tí o kò jáde.'"

Iwin yà fún un lọ́nà.

Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún Àyọ̀ká níwájú àwọn àgbà, kò sì lè gbójú sókè. Àyọ̀ká jókòó tì í. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ ò fẹ́ràn ìyá wa ni. Ẹ dárí jì mí."

Ìtìjú náà kò kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, àwọn ọjọ́ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá bá a, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má fi ẹni tí kò rí nǹkan kan sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹ bá a jókòó, ẹ má kánjú. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbọ́wọ́ sókè lu ènìyàn nínú ilé, ẹ rántí pé ohun tí ẹ ń gbà lọ́wọ́ ọmọ kò mọ sí ọjọ́ òní nìkan.