Ìdí Tí Rélùwéè Fi Ń Kágò

Dúró ná, ọmọ! Gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀ kí o tẹ́tí, nítorí ohun ìyanu ni ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà láéláé, nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, Rélùwéè kò lójú ọ̀nà. Ó ń wọ́ káàkiri bí ejò. Lọ́jọ́ kan, ó wólẹ̀ níwájú Erin, ọba igbó.

"Kábíyèsí, ẹ fún mi lọ́nà. Ẹrù gbogbo ayé ni mo fẹ́ rù."

Inú ọba dùn, ó búra lójú gbogbo ẹranko: "Ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, tìrẹ ni. Oko ni o, ilé ni o, onílẹ̀ yóò yà fún ọ."

Ìbúra ọba kì í yí padà, bí òfin àwọn ará Mídíà àti Páṣíà.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Ọ̀yà rí i tí ilẹ̀ ń mì. Ọmọ jòjòló mẹ́fà ló wà nínú ìtẹ́ rẹ̀. Ó yọjú. Rélùwéè ló ń bọ̀ yìí, èéfín orí rẹ̀ dà bí ọ̀wọ̀n ìkùukùu tó ṣáájú Ísírẹ́lì! Erin fúnra rẹ̀ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rélùwéè ké mọ́ ìyá náà:

"Yà lọ́nà, ìyá onírun ṣákaṣàka!"

"Baba oníkùn iná, dúró kí n kó àwọn ọmọ mi!"

"Òfin kò ní kí n dúró."

Òótọ́ ni. Ìyá Ọ̀yà kúnlẹ̀ síwájú Erin. "Kábíyèsí, ẹ gbà mí o!"

Omi lé ròrò lójú ọba. "Mo ti búra, Ọ̀yà."

"Ẹ ti búra lóòótọ́. Ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ̀ lẹ wí. Ibẹ̀ nìkan ni kó máa tẹ̀ nígbà náà, bó bá sì fi ìbú ìka kan yà, kó ṣubú. Kábíyèsí, ṣé ẹni tó fẹ́ wọlé onílé kì í kágò ni?"

Erin tẹrí ba. "Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí."

Kó tó pa ẹnu dé, irin méjì hù láti inú ilẹ̀, wọ́n gbá ẹsẹ̀ Rélùwéè mú. Rélùwéè lanu, ó kágò, àwọn òkè sì wárìrì. Ìyá Ọ̀yà fi ẹnu gbé ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀kẹfà fi pé sínú koríko. Ẹ̀yìn náà ni Rélùwéè kọjá, ìtẹ́ Ọ̀yà sì di eruku. Kò sí ẹni tó dá Rélùwéè lẹ́bi.

Láti ọjọ́ náà ni Rélùwéè ti ń la oko àti ìlú kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ yà kúrò lójú irin, kò sì gbọdọ̀ dé ìkòríta láìkágò. Agbára ńlá, ìjánu ńlá. Ògo ni fún Ẹni tó mọ̀wọ̀n ohun gbogbo!

Ìwọ ọmọ tó ń gba ojú irin lọ sí ilé ìwé, mo bẹ̀ ọ́, láti ọ̀la lọ, gba ọ̀nà mìíràn.