Ọjọ́ Tí Àrìnpé Dá Lọ Sọ́jà

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí iṣẹ́ tí ọ̀rẹ́ wa ń lépa bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun la fi ń tù ú nínú. Bí àna wa bá ń bínú pé a kò se ọbẹ̀ bí wọ́n ti ń sè é nílé wọn, òun náà la fi ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ọjà wo ni? Ta ló sì kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ hàn wá pé ọ̀nà ibẹ̀ ju ẹyọ kan lọ? Ẹni tí kò bá mọ̀, kó sún mọ́ mi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́.

Obìnrin amọ̀kòkò kan wà ní ìlú Òkè-Amọ̀, Ẹfúnyẹlá lorúkọ rẹ̀. Àrìnpé nìkan lọ́mọ tó bí. Àrìnpé pé ọdún mẹ́rin kó tó fọhùn, nígbà tó sì fọhùn tán, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ méjì, èyí tó kọ́kọ́ wọ etí rẹ̀ ni yóò jẹ́. Kí ẹlòmíràn yáa lọ jẹ́ èkejì. Ariwo máa ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yìí bá fi ojú ara rẹ̀ rí, kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn ènìyàn máa ń ra ìkòkò tí wọn kò nílò lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣà ìlú náà ni pé ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún yóò ru ẹrù tirẹ̀ láti ilé, yóò dá rìn dé ọjà, Ìyálọ́jà yóò sì fún un ní ìsọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di àgbà obìnrin. Èyí tí kò bá lè ṣe é, abẹ́ ìyá rẹ̀ ni yóò máa wà. Inú Ẹfúnyẹlá ì bá dùn kí Àrìnpé wà lábẹ́ òun títí ayé, àmọ́ orúnkún ti ń ro ó, irun rẹ̀ sì ti ń funfun. Ẹ̀rù ọjọ́ tí òun kò ní sí mọ́ ló ń bà á. Ta ni yóò máa di Àrìnpé lọ́wọ́ mú?

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́nà. Oríta márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà ọjà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àrìnpé tẹ̀ lé ewúrẹ́ kan dé àgbàlá ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ kejì, ó tẹ̀ lé òórùn àkàrà, àkàrà náà ló sì ń jẹ nígbà tí wọ́n rí i.

"Ẹfúnyẹlá, jẹ́ kí ọmọ yìí rìn bó ṣe lè rìn," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá ṣìnà ńkọ́?"

"Ọmọ tí kò ṣìnà rí, ta ló bí i?"

Ẹfúnyẹlá kò gbà. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó jí kí oòrùn tó yọ, ó gé ọ̀dọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ó ya á wẹ́wẹ́, ó so ó mọ́ igi ní oríta kọ̀ọ̀kan, kí Àrìnpé lè máa fi mọ ibi tí yóò yà sí. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó máa bọ̀ bí oòrùn bá yọ, kó sì máa wo àmì ní oríta, òun fúnra rẹ̀ sì lọ jókòó sí àbáwọ ọjà, ó ń dúró.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣe, àbí? Màrìwò ló so! Àníyàn ọmọ kò jẹ́ kó rántí ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀, pé ibi tí a bá so màrìwò sí, awo ló ni ibẹ̀ lọ́jọ́ náà, obìnrin kì í sì í kọjá.

Àwọn obìnrin dé oríta àkọ́kọ́, wọ́n rí màrìwò, wọ́n sì yí padà kíá. Oníyọ̀ padà, ẹlẹ́pà padà. Àwọn àgbà awo pàápàá ń bi ara wọn léèrè pé ta ló ṣorò tí kò sọ fáwọn. Nígbà tí oòrùn ga, tí Ẹfúnyẹlá kò rí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀, ó gba ọ̀nà ilé. Obìnrin kan tó fara pa mọ́ sẹ́yìn igi kígbe pè é.

"Ìyá Àrìnpé, padà! Awo wà lọ́nà!"

"Awo kẹ̀? Èmi ni mo so màrìwò yẹn!"

Ó sáré délé. Kò sí Àrìnpé, kò sí agbọ̀n ìkòkò rẹ̀. Ẹfúnyẹlá káwọ́ lérí, ó ń sunkún padà lọ sọ́jà láti lọ ké sí Ìyálọ́jà. Bó ti wọ ọjà ló gbọ́ ẹ̀rín kan lẹ́yìn ọjà, níhà odò, níbi tí àwọn ará abúlé òdìkejì ń pàtẹ sí. Ẹ̀rín Àrìnpé ni. Ọmọ náà jókòó ti agbọ̀n rẹ̀, ìkòkò kan ṣoṣo ló kù.

"Àrìnpé! Ọ̀nà wo lo gbà?"

"Mo rí màrìwò, ìyá mi. Ẹ ti sọ pé obìnrin kì í kọjá màrìwò." Ó nawọ́ sí igi àràbà tó ga lókè ọjà. "Níbi tí a ti ń wa amọ̀ létí odò, mo máa ń rí igi àràbà ọjà. Mo gba ibẹ̀, mo kọjú sí i, mo ń lọ." Ó wo ìyá rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Ẹ pẹ́ o. Ìkòkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán."

Ẹfúnyẹlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ayọ̀ rẹ̀ kò láfiwé. Ìyálọ́jà, tó ti ń wò wọ́n, pàtẹ́wọ́.

"Gbogbo ìlú tí orí wọ́n pé wà nílé, Àrìnpé nìkan ló dé! Ọ̀nà kan ò wọ ọjà o."

Níhà odò tí kò sí ariwo ló ti fún un ní ìsọ̀ tirẹ̀. Àwọn awo gba àgbò ìtanràn lọ́wọ́ Ẹfúnyẹlá, ó sì fà á lọ fún wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, bí ọjà bá pé, Àrìnpé ló ń ṣíwájú gba ọ̀nà odò, ìyá rẹ̀ a sì máa tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí òbí kan bá ń ráhùn pé ọmọ òun kò tọ ipa tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ̀, tàbí tí ọ̀nà tí ẹnì kan fojú sí bá dí mọ́ ọn, àwọn àgbà á ní kó fọkàn balẹ̀, kó wo ibòmíràn, nítorí ọ̀nà kan ò wọ ọjà.