Ìpinnu Tí Ọmọ Ewúrẹ́ Kọ

Ààlọ́ o. Bí mo bá dánu dúró, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é pé: wọ́n kọ ọ́.

Àwọn ọmọ ẹranko ń ṣe eré ìgbìmọ̀ nílé ìwé. Ẹni tó bá ṣojú ẹlòmíràn dáadáa jù ló máa gba ife. Ọmọ Ewúrẹ́ ló ṣojú Ẹkùn. Nínú ìpinnu wọn, ó ní kí ewúrẹ́ má sá mọ́.

Wọ́n kọ ọ́.

Kí ewúrẹ́ má ké mọ́.

Wọ́n kọ ọ́.

Kí ewúrẹ́ máa fi iyọ̀ para kó tó jáde nílé.

Wọ́n kọ ọ́. Ó fọwọ́ sí i, ó gba ife. Olùkọ́ lẹ ìwé náà mọ́ igi ẹ̀bá ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, Ẹkùn gan-an wọlé tòun tìwé náà.

“Bàbá, eré la ń ṣe,” Ọmọ Ewúrẹ́ wí.

“Mo mọ̀. Ìwọ lo sì fọwọ́ sí i. Iyọ̀ dà?”

Ẹ̀yin ọmọ, kí ló dé tí ẹ ò gbè mọ́?