Àlá Tí Ajá Ọba Lá Lọ́sàn-án

Àwọn àgbà máa ń sọ pé, "Àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé." Ta wá ni ajá rọ́ àlá fún rí, tí wọ́n fi mọ̀ pé ó tilẹ̀ ń lá àlá? Ẹ fara balẹ̀. Ààfin Ìsàlú ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde wá, nígbà tí igbó ṣì dé ẹnu odi ìlú.

Onísàlú ìgbà náà, Ọba Adégùnlọlá, fẹ́ràn àlá ju oúnjẹ lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, tí ìrì ṣì wà lórí koríko, àwọn ará ààfin a wá rọ́ àlá wọn fún un. Ẹni tó rí omi, ẹni tó fò lójú oorun, ọba a tẹ́tí sí wọn, a rẹ́rìn-ín músẹ́. Olóyè Láwóyìn ló ń túmọ̀ àlá fún un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, oòrùn rí bí òṣùpá nínú kùrukùru. Tanímọ̀la, ajá ọba, sùn sídìí ìtẹ́. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹsẹ̀ bí ẹni ń sáré. Ó kùn, ó gbó jẹ́jẹ́ lójú oorun, ó sì mi ìrù.

"Kí ló rí?" ni ọba bi.

Ó ti pẹ́ tí Láwóyìn ti ń jowú Adéwùsì, àbúrò ọba, nítorí gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, ẹ má bínú. Adéwùsì ló rí, tó gbé adé yín dé orí. Òun ló ń gbó mọ́."

Àyà ọba já. Kò bèèrè nǹkan mìíràn. Ó ránṣẹ́ pe Adéwùsì, ó ní kó jáde nílùú kí oòrùn tó wọ̀.

"Kí ni mo ṣe, Kábíyèsí?"

"Ajá mi ti rí ọ."

Adéwùsì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. "Ọmú kan náà la jọ mu, Kábíyèsí, ẹ ò bi mí. Ajá lẹ lọ bi." Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó sì kọjú sọ́nà.

Ni Tanímọ̀la bá jí. Ó nara, ó sáré tẹ̀lé Adéwùsì, ó ń fi ìrù gbá a lẹ́sẹ̀, ó ń lá a lọ́wọ́. Ọba pè é, ó tún un pè. Ajá ò bojú wẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì wọ inú ọyẹ́ lọ bí èéfín.

Ọba dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì yíjú sí Láwóyìn.

"Ṣé ẹni tó ń gbó mọ́ lójú oorun ló ń lá lọ́wọ́ yẹn?"

"Bóyá, Kábíyèsí, nínú àlá náà..."

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Àlá tí ajá lá, inú ajá ló wà. Tìrẹ lo rọ́ fún mi."

Láti ọjọ́ náà, Láwóyìn ò túmọ̀ àlá láàfin mọ́. Ọba rán ìránṣẹ́ tẹ̀lé àbúrò rẹ̀ pé kó padà wálé. Ẹ̀bá odò kan ni ìránṣẹ́ ti bá a, ó ti kọ ebè.

"Bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi," ni Adéwùsì wí. "Sọ fún wọn pé inú ò bí mi mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbin iṣu síbí."

Ajá náà ò tẹ̀lé ìránṣẹ́ padà.

Wọ́n ní títí ọba fi wàjà, bí ọyẹ́ bá ti dé, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa wo kùrukùru. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹnì kan bá ń búra pé òun mọ ohun tó wà nínú ọmọnìkejì òun, àgbà kan a rọra dá a lóhùn pé: àlá tí ajá bá lá, inú ajá ní í gbé.