Òdòdó Tí Ọ̀bọ Gbé Dé Láti Ìdálẹ̀

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó gba etí odò lọ, ó balẹ̀ sórí Ọ̀bọ.

Ní ìgbà kan rí, Ọ̀bọ rìnrìn-àjò dé ilẹ̀ òkèèrè. Ó rí òdòdó kan tó léfòó lórí omi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró tuntun. Ó fa ọ̀kan tu tòun ti gbòǹgbò. Ó ní, “Odò wa ni màá gbìn ín sí. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó á gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún mi!”

Nígbà tó délé, Ìyá Àkàn, tó dàgbà jù lódò, bi í pé, “Ọmọ mi, níbi tó o ti mú un wá, kí ní ń jẹ ẹ́?”

Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá, òdòdó ni mo gbé dé, n ò gbé ọbẹ̀ dé.”

“Jẹ́ ká kọ́kọ́ fi í sínú ìkòkò, ká wò ó fún ọdún kan.”

“Ọdún kan kẹ̀? Ebi á ti pa mí!” Ó bá jù ú sódò, jàbú!

Lóòótọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya wọlé. Ọ̀bọ jẹ, ó yó, ó tún jẹ. Àmọ́ òdòdó kan di mẹ́wàá, mẹ́wàá di igba. Kò sí ẹnu tó ń jẹ ẹ́. Kó tó di ọdún kejì, ó ti bo odò pátápátá. Ẹja àrọ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀bọ bí, rí ewé tútù náà, ó ṣebí ilẹ̀ ni. Ó fò lé e. Omi gbé e mì, gbòǹgbò wé e lẹ́sẹ̀.

“Ẹ gbà mí o!” Ọ̀bọ figbe ta. “Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi!”

Ìyá Àkàn kò bá a wí. Ó rì sísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó rí bí ẹ̀mú gé gbòǹgbò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ti ọmọ náà sókè. Àwẹ̀ró húkọ́, ó bú sẹ́kún.

Ọ̀bọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. “Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo fi yín ṣẹ̀sín, ẹ kò sì kà á sí mi lọ́rùn. Kí ni mo lè fi san oore yìí?”

“Dìde, kí o bọ́ sómi. Iṣẹ́ wà.”

Gbogbo ẹranko bá a tu ewé náà, wọ́n sá a sórí àpáta. Omi là díẹ̀díẹ̀, àrọ̀ rí èémí. Ṣùgbọ́n kò tán o! Lọ́dọọdún ló ń rú, lọ́dọọdún ni Ọ̀bọ ń tu ú, tó ń dúpẹ́ pé Àwẹ̀ró wà láyé tó ń bá òun tu ú.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: bí ohun àjèjì bá wù yín, ẹ wádìí ìwà rẹ̀ kí ẹ tó fún un nílé. Bí àgbà bá sì kìlọ̀ tí a kò gbọ́, tó tún wá gbà wá sílẹ̀, ọpẹ́ rẹ̀ kì í tán lẹ́nu.