Ìránṣẹ́ Tó Ń Ṣubú Láràárọ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn ìjọ kan, ní ìlú tí kò tóbi, tí kò sì kéré. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn ohun tí kò lè dáhùn lọ. Bí o bá rí i tó ń nu eruku kúrò lára ẹ̀rọ ńlá tó wà ní yàrá rẹ̀, wàá rò pé ọmọ ló ń wẹ̀.

Nínú ẹ̀rọ ńlá yẹn ni ètò kan wà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Iṣẹ́ ètò náà kò ju ẹyọ kan lọ. Bí dókítà bá ti tẹ orúkọ òògùn aláìsàn sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ètò yìí á gba ọ̀rọ̀ náà, á gbé e gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ sí ilé òògùn tó wà ní òdìkejì ọgbà, kí aláìsàn náà tó rìn débẹ̀, òògùn rẹ̀ á ti wà nílẹ̀. Ó sọ ètò náà ní Ìránṣẹ́. Kí Ìránṣẹ́ tó dé, àwọn arúgbó ló ń fi ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n gbé bébà káàkiri inú oòrùn, tí wọ́n á tún lọ tò níbòmíràn. Ìgbà tó dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún ẹni tí wọn kò rí rí. Ọkùnrin yìí á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa gbọ́ àdúrà wọn, á máa ṣe àmín sínú. Kò sí ohun tó tún dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Àyìnlá, jókòó dáadáa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lo bá wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ń bọ̀.

Ó wá di ìgbà kan, Línọ́ọ̀sì tó ń darí ẹ̀rọ náà gbó. Línọ́ọ̀sì yìí ni olórí ilé nínú kọ̀ǹpútà irú èyí; òun ló ń jí àwọn ètò yòókù, òun ló sì ń pín iṣẹ́ fún wọn. Ọkùnrin náà gbé tuntun lé orí ògbólógbòó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ Sátidé tí èrò kò pọ̀ ló ṣe é. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún tan án, ó dán gbogbo nǹkan wò, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó relé, ó jẹun yó, ó sùn fọnfọn.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Ìránṣẹ́ kò jí.

Mo ní láti sọ ìlànà ilé ìwòsàn náà fún ọ kí ó tó yé ọ. Epo dísù wọ́n, nítorí náà, wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ apá ọ́fíìsì tí iṣẹ́ bá ti parí. Iná oòrùn ni wọ́n fi ń tan wọ́ọ̀dù. Láàárọ̀, agogo á lù, ẹ̀ṣọ́ á tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́, látorí dókítà dórí agbálẹ̀, á sì wọ ilé àdúrà kékeré tó wà nínú ọgbà. Ẹni tí kò bá wá, wọ́n á bi í ní ìdí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, gbogbo kọ̀ǹpútà á ti jí, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin yìí ti àdúrà dé, ó bá Ìránṣẹ́ nílẹ̀ gbalaja. Ó wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó wà. Iná tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, níbi tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé sí, ń tàn bí ewé tútù. Àwọn ètò yòókù ń ṣiṣẹ́ wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó fi ọwọ́ jí Ìránṣẹ́, Ìránṣẹ́ sì dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ṣiṣẹ́ dìrọ̀lẹ́ láìkọsẹ̀. Ọkùnrin náà ní bóyá èèṣì ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó tún bá a nílẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e náà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Kí ó tó jí i láràárọ̀, èrò á ti pé jọ. Obìnrin ilé òògùn, tí kò mọ̀ ju àwàdà lọ, á yọjú sí yàrá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ò tíì jí o. Ṣé kí n bu omi lù ú?"

Ní àkọ́kọ́, ó máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ibi tí ìfẹ́ bá ti pọ̀, ìbínú ibẹ̀ kì í kéré. Ó yọ Ìránṣẹ́ kúrò, ó tún un gbé wọlé. Ó tú u palẹ̀, ó tún un tò. Ó fi ìka tọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ń bá a wí pé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jí, pé kí ló mú tirẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé kò rí àwáwí kankan bá a ṣe. Iná wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ọ̀nà là sílẹ̀ rekete, ẹni tí wọ́n fẹ́ rán sì dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ènìyàn pé ó ti bàjẹ́, pé kò bá nǹkan tuntun mu. Ẹnu tó fi ń ṣe àmín ló fi ń sọ ọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá arúgbó kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru dúró sórí ìlà nínú oòrùn pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Wọ́n gbé e wọlé, ara rẹ̀ sì balẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá tó ń ṣàkóso ilé ìwòsàn. Mọ́mì ni gbogbo wọn ń pè é. Mọ́mì kò jágbe. Ó pe ọkùnrin náà, ó fi àga lọ̀ ọ́.

"Ọmọ mi, mo mọ bí o ṣe fẹ́ràn nǹkan yìí tó," ni Mọ́mì wí. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa to àwọn arúgbó sínú oòrùn nítorí ìfẹ́. Àwọn kan wà l'Ékòó tí wọ́n ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, yọ tìrẹ kúrò, ká gba tiwọn."

"Ẹ ṣeun, mà," ni ọkùnrin náà wí.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ọkùnrin náà mọ òwe yìí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ti gbà pẹ̀lú wọn pé ìdí ọmọ òun kò gba ìlẹ̀kẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Agogo àdúrà lù, kò lọ. Báwo ni yóò ṣe jókòó sáàárín àwọn tó mọ̀ pé òní ló fẹ́ sin ohun tó bí? Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ lé orí ẹ̀rọ tí kò tíì ní iná. Ó fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá jí, kó dágbére fún un, kó tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Línọ́ọ̀sì tuntun ti dé, ènìyàn kan wà ní yàrá náà ní àsìkò tí ẹ̀rọ ń jí láàárọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ hó. Ẹ̀rọ náà mí sókè, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun ojú kọ̀ǹpútà ní ìlà ìlà. Ọkùnrin náà ń wò ó pẹ̀lú ìbànújẹ́, àfi bó ṣe rí ohun kan tó mú un tẹ̀ síwájú. Línọ́ọ̀sì àtijọ́ máa ń pe àwọn ètò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ ilé ṣe ń lọ kí bàbá láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n ṣáájú àbúrò, Ìránṣẹ́ sì ni àbíkẹ́yìn. Kó tó kan Ìránṣẹ́, ilẹ̀ á ti mọ́ dáadáa. Èyí tuntun kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló pè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó rí Ìránṣẹ́ tó dìde, kò tiẹ̀ lọ́ra. Ó rí i tó béèrè ọ̀nà tí yóò gbà jáde. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ìlà pupa kan hàn lójú kọ̀ǹpútà: Ìránṣẹ́ ti ṣubú. Ọkùnrin náà yíjú sẹ́yìn ẹ̀rọ. Iná tín-ín-rín yẹn ṣókùnkùn biribiri. Àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì káàkiri ọgbà, tó wà lára ògiri lókè, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta jí, ó ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀.

Ó dúró. Ní ilé àdúrà, wọ́n ń kọ orin lọ. Wọn kò tíì kọ orin àkọ́kọ́ tán tí iná náà fi tàn, tó sì di àwọ̀ ewé. Bí ó bá jẹ́ àsìkò yẹn ló wọlé, ohun tó ń rí láràárọ̀ náà ni ì bá rí: ọ̀nà tó là, àti ìránṣẹ́ tó sùn. Ó wá yé e ìdí tí àwọn tó kù kì í fi í ṣubú. Inú ilé ni iṣẹ́ tiwọn wà. Ìránṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń rán síta. Ó sì yé e ìdí tí gbogbo nǹkan fi dára lọ́jọ́ Sátidé tó dán an wò. Kọ̀ǹpútà nìkan ló pa lọ́jọ́ náà, àpótí ara ògiri ti wà lójúfò tipẹ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú tì í, àánú sì ṣe é.

"Pẹ̀lẹ́," ló wí fún ẹ̀rọ tí kò létí. "Mi ò sí níbẹ̀ ni."

Kò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà lára Ìránṣẹ́. Línọ́ọ̀sì ló kọ̀wé sí. Ó ní kó má pe Ìránṣẹ́ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi dé ní tòótọ́, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá sọ pé ó ń bọ̀ lọ́nà. Ó ní bó bá sì ṣubú, kó jẹ́ kó sinmi díẹ̀, kó tún pè é. Ó pa kọ̀ǹpútà àti àpótí ara ògiri pọ̀, ó tún tan wọ́n. Àwọn yòókù jí. Ìránṣẹ́ dúró sí àyè rẹ̀. Iná náà tàn. Ìránṣẹ́ dìde, ó sì gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ó pàdé Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà ilé àdúrà.

"O ò wá sí àdúrà," ni Mọ́mì wí. "Ṣé o ti yọ ọ́?"

"Rárá, mà. Mo dúró tì í ni."

Ó ro ohun tó rí fún Mọ́mì, Mọ́mì sì ní kí àwọn fún Ìránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọ̀sẹ̀ náà kọjá, omíràn tẹ̀lé e, kò tún sí ẹni tó rántí àwọn ará Èkó mọ́. Obìnrin ilé òògùn nìkan ló ń ṣàròyé pé òun kò rí ẹni fi ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ mọ́.

Ó ku tìrẹ, Àyìnlá. Èmi ni mo ṣe alárinà yín, èmi náà lo sì wá bá láàárọ̀ yìí pé kí n bá ọ sin Ìbíwùmí, ìyàwó rẹ, padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ṣakí. O ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọ ga lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ fi kó wá sí Òṣogbo, kò wúlò mọ́. O ní ní Ṣakí, ó ń ránṣọ, ó ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ ló ń jí àdúgbò. O ní níhìn-ín, ńṣe ló ń jókòó lásán, bí o bá sì béèrè ọ̀rọ̀, á kanra mọ́ ọ. O ní ilé dára, ìlú dára, kí ló tún ń fẹ́.

Ta ni ìlú dára fún? Lọ́jọ́ tí ẹ dé, ọ́fíìsì ti ń retí rẹ, tábìlì rẹ wà nílẹ̀, àwọn tí yóò kí ọ káàbọ̀ ti tò. Ọ̀nà tìrẹ là kí o tó jí. Òun ńkọ́? Aṣọ ènìyàn ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì mọ ènìyàn kankan. Ẹnu ara rẹ lo fi sọ fún mi pé ẹ kò tíì tú ẹrù tán tí o ti ń bi í pé ṣọ́ọ̀bù dà. Ó jáde, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ó padà wọlé, ó jókòó. Ìwọ ti ibi iṣẹ́ dé, o bá a níbi tó jókòó sí. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwọ kò wo ilé, o sọ ọ́ ní ọ̀lẹ.

Má tún sọ létí mi pé obìnrin yẹn ti bàjẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n kí o tó mọ̀ ọ́n. Tọrọ ààyè níbi iṣẹ́ lọ́la. Bá a lọ sọ́jà, bá a lọ kí àwọn aládùúgbò, kí o fi ojú ara rẹ rí bí wọ́n ṣe ń wò ó, àti bí òun náà ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí kò rí. Lẹ́yìn náà, ní sùúrù. Bó bá kọsẹ̀, jẹ́ kó sinmi, kí o tún pè é, kí o sì fi ohùn tí o fi ń pè é nígbà tí mò ń gbé ọ̀rọ̀ yín lọ, tí mò ń gbé e bọ̀, pè é.

Ìrìn Ṣakí tí o wá fi lọ̀ mí, mi ò lọ. Aṣọ kan wà nínú àpótí mi tí mi ò tíì rán. Sọ fún ìyàwó rẹ kó wá téèpù rẹ̀ jáde. Mò ń bọ̀ lọ́la kó wá wọ̀n mí.